Páànù tí A Fẹ́ Ṣí ni A Sá Sábẹ́ Rẹ̀

Ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí gbólóhùn kan ti ń kùn létí mi bí ẹ̀fọn òru. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbà, kì í sì í ṣe ìwàásù. Káfíńtà kan ló sọ ọ́, ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí àkàsọ̀ tòun ti òòlù lọ́wọ́: "Ẹ̀gbọ́n, òjò ti dé. Èèyàn kì í wà lórí páànù nínú òjò."

Òótọ́ ló sọ. Páànù tó bá ti tutù a máa yọ̀ bí ilá, ẹni tó bá sì já bọ́ láti orí ilé lè má dìde mọ́. Mo ní kó tètè máa bọ̀. Mo tilẹ̀ di àkàsọ̀ náà mú fún un kó má bàa mì. Ìgbà tí mo délé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń ro ohun tí a bá lọ síbẹ̀. Orí yàrá obìnrin kan tó ń gbé nínú ilé ìyá mi ni káfíńtà wà, èmi ni mo sì pè é. Páànù la fẹ́ ṣí, kí obìnrin náà lè kó jáde. Òjò tó léwu fún ẹni tó fẹ́ lo wákàtí kan lórí ilé, kò sẹ́ni tó rò ó nínú wa pé ó léwu fún ẹni tó máa sùn sábẹ́ ihò rẹ̀ lóru.

Bí ọwọ́ mi ṣe débẹ̀

Kí ẹ tó sọ mí lókò, ẹ jẹ́ kí n rojọ́ tẹnu mi. Ìyá mi kì í ṣe olówó. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Agége ni òun àti bàbá mi kọ́ ilé náà sí, díẹ̀díẹ̀, búlọ́ọ̀kù ti ọdún yìí, sìmẹ́ńtì ti ọdún tó ń bọ̀: yàrá márùn-ún kọjú sí márùn-ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàárín, kànga lẹ́yìn. Owó ilé yẹn ló fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tó bá rò pé gbogbo onílé ní Èkó ló ń gun jíìpù, kó wá wo bàtà Màámi.

Ìyá Ẹlẹ́kọ, obìnrin tí mo ń sọ yìí, kò sí nínú ilé gangan. Yàrá kan wà ní ẹ̀yìnkùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, tí a kọ́kọ́ fi ń kó irinṣẹ́ sí nígbà tí ilé ń lọ lọ́wọ́, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé ibẹ̀. ₦10,000 lóṣù. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń san án kí oṣù tó pé. Nígbà tí àgbàdo di ọ̀wọ́n gógó ni ọwọ́ rẹ̀ kò ká a mọ́, torí ẹ̀kọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbówó lé bó ṣe wù ú. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ kò lówó ju ẹni tó ń tà á lọ. Oṣù kan di méjì, ó di mẹ́sàn-án.

Màámi bẹ̀ ẹ́, ó jà, ó ní kí pásítọ̀ bá òun bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó sú u, ó fọ̀rọ̀ lọ alàgbà kan nínú ẹgbẹ́ onílé àdúgbò. Alàgbà náà ò lo ìṣẹ́jú méjì. Ó ní lọ́yà á gba owó, kóòtù á máa sún ẹjọ́ síwájú. "Ẹ ṣí páànù orí ẹ̀, Màmá. Òjò kan péré, á kó jáde."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ alàgbà yìí sọ́kàn. Màá padà sí i.

Òjò ló pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Júnù ni. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ti lọ díẹ̀ nígbà tí a dé. Ìyá Ẹlẹ́kọ jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu ewé eéran lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n jọ. Ó rí àkàsọ̀, ó rí òòlù, ó rí mi. "Ẹ káàárọ̀ o, ọmọ Màmá." Kò bi mí pé kí la wá ṣe. Ó palẹ̀ ewé rẹ̀ mọ́, ó wọlé, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń gbé nǹkan. Nígbà tí mo yọjú, ìwé ọmọ rẹ̀ ló ń kó sínú ike ńlá onídèérí tó fi ń rẹ àgbàdo. Ìyẹn nìkan ló kọ́kọ́ mú. Kò tíì kan bẹ́ẹ̀dì, kò tíì kan aṣọ.

Káfíńtà gòkè. Ìṣó àkọ́kọ́ han kí ó tó jáde, ẹ mọ bí ìṣó tó ti dógùn-ún ṣe máa ń ké. Èkejì jáde. Ẹ̀kẹta jáde, etí páànù kan sì gbé sókè bí ètè ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ibi tó ti ń wá ìkẹrin ni atẹ́gùn ti dé. Gbogbo aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn nà gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀kán òjò méjì mẹ́ta tó tóbi bí owó ẹyọ balẹ̀ sínú eruku, ìgbà náà ló sì sọ gbólóhùn tí mo fi bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ibi tí a lè sá sí. Mo ti páàkì mọ́tò sí òpópónà nítorí ẹrẹ̀. Àwọn ayálégbé tó wà nínú ilé ti ti ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti inú, mo rò pé wọn ò fẹ́ kí ojú wọn rí i, àbí wọn ò fẹ́ kí ojú tiwọn rí tiwa. Obìnrin náà ló ṣílẹ̀kùn. "Ẹ wọlé, ẹ wọlé. Òjò yìí ò dáa."

A wọlé. Èmi, ọmọ onílé. Káfíńtà, pẹ̀lú ìṣó mẹ́ta lọ́wọ́. Ìyá Ẹlẹ́kọ àti ọmọ rẹ̀. Yàrá náà kò fẹ̀ ju kí èèyàn mẹ́rin dúró kí orúnkún wọn máa kanra lọ. Òórùn ògì kíkan gba gbogbo ibẹ̀. Òjò ń lu páànù débi pé bí èèyàn bá pariwo, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní gbọ́, mo sì dúpẹ́ fún ariwo yẹn torí mi ò mọ ohun tí ǹ bá sọ.

Lẹ́yìn náà ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé níbi tí a ti yọ ìṣó. Ó kọ́kọ́ ń kán tó, tó, sórí ìrọ̀rí. Kò pẹ́ tó fi ń ṣàn. Ìyá Ẹlẹ́kọ gbójú sókè wò ó. Kò wo káfíńtà, kò wò mí. Ó fi ọwọ́ ṣe sí ọmọ rẹ̀, ọmọ náà di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kan mú, káfíńtà di èkejì mú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, wọ́n fà á kúrò lójú omi. Ó gbé abọ́ tánńganran kan síbẹ̀. Nígbà tí abọ́ kún, èmi ni mo gbé e dà síta, mo sì gbé e padà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin.

Òwe ní òjò ló pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Láti kékeré ni mo ti mọ òwe yẹn, mi ò sì fìgbà kan bi ara mi léèrè pé níbo ni ẹyẹlé náà wà kó tó di pé òjò dé.

Ó fún wa ní ẹ̀kọ jẹ, ẹ̀kọ tútù, ewé kan-an-kan. Mo mọ̀ pé ẹ ń retí kí n sọ pé kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi. Ó gbà á. Ebi ń pa mí, ẹ̀kọ náà sì dáa.

Nígbà tí òjò rọlẹ̀, káfíńtà kò bi mí léèrè. Ó gbé àkàsọ̀, ó dúró kí oòrùn fẹ́ páànù díẹ̀, ó gòkè, ó kan ìṣó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà. Ó ní kí n fún òun lówó ọkọ̀ nìkan. Mo sọ fún Màámi pé òjò ò jẹ́. Irọ́ kọ́.

Òfin tó mọ oṣù, tí kò mọ òjò

Lọ́sẹ̀ yẹn ni mo lọ ka òfin, ohun tó yẹ kí n ti ṣe kí n tó wá káfíńtà. Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, ló ń darí ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé, àyàfi ní Apapa, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà. (Ẹ má bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n yọ sílẹ̀.) Agége wà nínú rẹ̀ dáadáa. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí kó jìnnìjìnnì bá mi: ẹni tó bá wó ilé tàbí tó yí nǹkan padà lára ilé láti fi lé ayálégbé jáde láìgba àṣẹ kóòtù, tàbí tó fi ipá lé e, tàbí tó ń halẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀daràn ni. Owó ìtanràn lè tó ₦250,000, ẹ̀wọ̀n sì lè tó oṣù mẹ́fà. Gbèsè tí a ń tìtorí rẹ̀ ṣí páànù kò ju ₦90,000 lọ.

Ohun kejì dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀nà tó tọ́ wà, kò sì burú fún onílé rárá. Ayálégbé tó ń san oṣooṣù, tó bá ti jẹ gbèsè oṣù mẹ́fà, àdéhùn rẹ̀ ti tú. Bí onílé bá ti lè fi ẹ̀rí gbèsè náà han kóòtù, kóòtù á dá ilé rẹ̀ padà fún un, á sì pàṣẹ kí wọ́n san owó náà. Oṣù mẹ́sàn-án ni Ìyá Ẹlẹ́kọ jẹ. Màámi ló jàre. Àwa la gbé ẹjọ́ àre, tí a lọ fi òòlù sọ ọ́ di ẹ̀bi.

Ṣùgbọ́n mo tún ka òfin náà lẹ́ẹ̀kejì, torí ọ̀rọ̀ káfíńtà kò fi mí sílẹ̀. Òfin mọ oṣù. Ó ní kí onílé fún ayálégbé ní ìkìlọ̀ oṣù kan fún ẹni tó ń san oṣooṣù, oṣù mẹ́ta fún ẹni tó ń san lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, oṣù mẹ́fà fún ẹni tó ń san ọdọọdún, ọjọ́ méje fún ìwé ìkẹyìn. Mi ò rí òjò níbẹ̀. Ká ní Màámi gba lọ́yà, kó jàre ní kóòtù, bélífù, òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń lé èèyàn jáde, lè dé ní oṣù Jánúárì tí ilẹ̀ gbẹ, ó sì lè dé ní àárọ̀ Júnù tí ojú ọ̀run ṣú bí ìdí ìkòkò. Bákan náà ni lójú òfin. Gbogbo wa la ti rí i rí lẹ́bàá títì: fóòmù tó ti mu omi yó tí géńdé méjì kò lè gbé mọ́, kọ́bọ́ọ̀dù tí pákó rẹ̀ ti wú, ọmọ tó fi ọ̀rá bo ìwé-ẹ̀rí WAEC mọ́ àyà. Ìbàjẹ́ yẹn lè ju gbèsè lọ ní ìlọ́po méjì, kò sì sí kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ tó wọ àpò onílé. Òjò gbà á, ó gbé e lọ sínú gọ́tà.

Ẹ wá padà sí ọ̀rọ̀ alàgbà wa: òjò kan péré, á kó jáde. Òjò kì í ṣe ohun tó ń dí wa lọ́wọ́, òjò ni bélífù wa gan-an. Òun la háyà. Káfíńtà kàn fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún un ni, tó wá jẹ́ pé bélífù ya dé kó tó ṣí i tán.

"Ọjọ́ òjò ò síṣẹ́"

Àbúrò mi kan ń gbé ní Maryland, ti Amẹ́ríkà. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀, tí kò tíì rí iṣẹ́ gidi, ó bá àwọn tó máa ń kó ẹrù ẹni tí kóòtù ti lé síta ṣiṣẹ́ ní Washington, ní tòsí wọn. Nígbà tí mo ro ọ̀rọ̀ yìí fún un lórí fóònù, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. "Nínú òjò kẹ̀? Ọjọ́ òjò ò síṣẹ́ o." Ó ní bí àgbẹ̀ làwọn ṣe máa ń jí wo ojú ọ̀run. Bí òjò tàbí yìnyín bá ń rọ̀ níbi tí ilé náà wà, àwọn máṣàlì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ wà níkàlẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé àga kan. Bí àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ àárọ̀ bá sọ pé òtútù máa lọ sílẹ̀ ju díígírì 0 lọ láàárín wákàtí 24, ó parí fún ọjọ́ náà. Nígbà tó yá, wọ́n fi ooru náà kún un: bó bá máa kọjá díígírì 35, wọn kò gbọdọ̀ lé èèyàn. Láti ọdún 2018 wọn kò tilẹ̀ kó ẹrù sójú títì mọ́. Inú ilé ló gbọ́dọ̀ wà fún ọjọ́ méje kí ẹni tó ni ín wá kó o.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àánú ló pọ̀ lọ́hùn-ún. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ti gba ìwé kíkúrò nílé lẹ́ẹ̀mejì, ó sì mọ̀ pé bí ojú ọ̀run bá mọ́ lọ́la, wọ́n á padà wá. Gbèsè kò dín kọ́bọ̀ kan. Ohun tí òfin sọ kò ju pé: kì í ṣe òní. Síbẹ̀ ẹ wo bí wọ́n ṣe yí ọ̀ràn náà padà. Òjò tí a fi ṣe bélífù ní Agége ni wọ́n fi ṣe olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà ayálégbé ní Washington.

Ní ilẹ̀ Faransé, òtútù ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Fẹ́búárì ọdún 1954, àlùfáà kan tí wọ́n ń pè ní Abbé Pierre sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó ní obìnrin kan ti kú sínú òtútù ní aago mẹ́ta òru lójú títì Sébastopol ní Paris, ìwé tí wọ́n fi lé e jáde nílé sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ àyà. Ariwo sọ káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Lóṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 1956 wọ́n ṣe òfin tó dá lílé ayálégbé dúró nígbà òtútù. Lónìí, láti ọjọ́ kìíní Nòfẹ́ńbà títí di ọjọ́ 31 oṣù Máàṣì ni. Adájọ́ lè dájọ́ láàárín ìgbà yẹn, gbèsè lè máa gorí ara wọn, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kò ní wá kan ilẹ̀kùn. Ìwé ọwọ́ obìnrin yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ìwé tó lé e ló fi ń bo àyà.

Ìbéèrè Màámi

Mo ka gbogbo èyí fún Màámi bí ọmọ ilé-ìwé tó gbégbá orókè. Ó gbọ́ ọ tán, ó yọ gíláàsì ojú. "Oṣù márùn-ún? Ta ló máa ra oògùn mi fóṣù márùn-ún? Abẹ́ Píà yẹn?"

Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì gbọdọ̀ fò ó. Òjò tiwa kì í ṣe òtútù Faransé. Ó ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí oṣù Máàṣì, ó ń gbóná ní Júnù, ó ń sinmi díẹ̀ ní Ògọ́ọ̀sì, ó tún ń padà ní Sẹ̀tẹ́ńbà àti Òkìtóbà. Ẹni tó bá ní kí onílé má ṣe nǹkan kan ní gbogbo àkókò yẹn ti kó onílé kékeré sí wàhálà, á sì tún kó ayálégbé aláìní sí i, torí kò sí onílé tó máa fi yàrá sílẹ̀ fún ẹlẹ́kọ mọ́. Owó ọdún méjì ni wọ́n á máa bèèrè lábẹ́lẹ̀. Mo fara mọ́ ti Washington ju ti Paris lọ lórí èyí. Ọjọ́ ni kí a máa wò, kì í ṣe sáà. Àjọ NiMet, tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, ń sọ bí òjò ọdún ṣe máa rí kí ọdún tó jìnnà, wọ́n sì ń sọ ti òní àti ọ̀la lójoojúmọ́. Ìjọba Èkó ń lo irú àsọtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti kìlọ̀ fún àwọn tó ń gbé nítòsí odò. Kí ló ṣòro nínú kí akọ̀wé kóòtù wò ó kó tó rán bélífù jáde? Bí òjò bá máa rọ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè, kí wọ́n lọ lọ́jọ́bọ̀. Onílé tó ti dúró oṣù mẹ́sàn-án lè fi ọjọ́ méjì kún un. Màámi gbà sí èyí. Ohun tó sọ gan-an ni pé, "Ìyẹn mọ́gbọ́n wá díẹ̀."

Bàbá mi, kó tó kú, fẹ́ràn láti máa sọ pé òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ó máa ń fi kọ́ wa pé kí a má gbójú lé ẹnikẹ́ni. Mo ti ń bá a jiyàn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí. Ẹni eji rí leji ń pa, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹnì kan ló gbé onítọ̀hún síbi tí eji ti máa rí i.

Ìjọba náà kò sì lẹ́nu níbẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù Júláì ọdún 1990 ni ìjọba ológun Èkó, tí Raji Rasaki ń ṣe olórí rẹ̀ nígbà náà, kó katapíla wọ Maroko, àdúgbò àwọn tálákà kan ní Èkó, wọ́n wó o palẹ̀ lẹ́yìn ìkìlọ̀ ọjọ́ méje. Nǹkan bí 300,000 èèyàn ni wọ́n ní ó kó sí i, àtonílé àtayálégbé. Oṣù Júláì náà ni wọ́n wọ Màkókó, àdúgbò tó wà lórí omi, lọ́dún 2012. Káfíńtà mi bẹ̀rù òjò, ó sọ̀kalẹ̀. Katapíla kì í yọ̀ lórí páànù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé

Ìyá Ẹlẹ́kọ ti san oṣù méjì nínú mẹ́sàn-án. Ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àjọ tí wọ́n ń dá lọ́jà ló ti rí i gbà. Màámi kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, kò sì dárúkọ páànù mọ́, ṣùgbọ́n kò sọ pé òun kò ní lọ sí kóòtù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló pè mí lórí fóònù, inú ń bí i. "Ẹni tó jẹ mí lówó, ó tún wá ń sọ fún mi pé yàrá òun ń jò! Ó ní igun kan péré ni, lápá ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà. Ilé tí bàbá ẹ fọwọ́ ara ẹ̀ kàn, kò jò rí." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ṣáà pe káfíńtà yẹn fún mi. Mi ò fẹ́ kí ògiri mi mumi."

Ìyá Ẹlẹ́kọ kò sọ fún un ẹni tó yọ ìṣó. Èmi náà kò sọ.

Mo pe káfíńtà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ní iṣẹ́ wà o, páànù ẹ̀yìnkùlé lọ́dọ̀ Màámi, kó wò ó bóyá ilẹ̀ máa gbẹ lọ́la. Ó dákẹ́ lórí fóònù fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé láti ṣí i ni, àbí láti kàn án?"